Àkùkọ ni yín, ewúrẹ́ ni, àbí àdán? Bí ẹ ṣe lè mọ irú oorun ara yín

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fi àwòrán ẹranko mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: kìnnìún, béárì, ìkookò àti dolphin. Ó ní kí n mú èyí tó bá oorun mi mu. Kìnnìún, wọ́n ní, ni ẹni tó ń jí ní ìdájí, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jìnnà kí àwọn yòókù tó la ojú. Ẹ̀rín pa mí. Kìnnìún tòótọ́, òru ló fi ń ṣọdẹ jù, ó sì lè fi wákàtí 20 nínú 24 na gbalaja sábẹ́ igi. Béárì ńkọ́? N kò fojú kàn án rí. Àwọn tí mò ń gbọ́ ohùn wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì mi ní Mówè ni àkùkọ, ewúrẹ́, ajá àti pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò mi. Àwọn yẹn ni mo fi ṣe é.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé kan, bírò kan, àti ìṣirò kékeré. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣe ìṣirò ni pé ojú lásán ń tan ènìyàn jẹ nínú ọ̀rọ̀ oorun. Ó tan èmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbà pé àdán ni mí, pé òru ni Ọlọ́run dá mi mọ́. Tí mo bá sùn di aago mẹ́sàn-án ní Sátidé, ìyá mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò ní jí ni? Àbí àdán ni mo bí?" Ìwé fọ́tí lífù kan ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà.

1. Ẹ ra ìwé, kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí

Ìwé gidi ni mo wí, kì í ṣe fóònù. Mo mọ̀ pé áàpù tó ń ka oorun pọ̀ lóde, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì láti kọ aago tó fẹ́ sùn, á wo status èèyàn mẹ́fà kó tó gbé e sílẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́, kí ẹ tó lọ wẹ̀. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ pa iná, ìgbà tí ẹ rò pé oorun gbé yín lọ, ìgbà tí ẹ jí, àti ohun tó jí yín. Ohun tó jí yín yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: aláàmù, ọmọ, jẹnẹrétọ̀, ìtọ̀, àbí ara yín fúnra rẹ̀. Tó bá di aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ fún ojú yín ní máàkì láti 1 sí 5: 1 ni ẹni tí oorun ṣì ń kùn, 5 ni ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi kún un bí ẹ bá rẹjú lọ́sàn-án, àti bí ẹ bá jẹ obì tàbí mu kọfí, ní aago mélòó. Tí ẹ bá ta jí lóru, ẹ má wo aago. Ẹ fojú bù ú tí ilẹ̀ bá mọ́, ó tó.

Ojú ìwé tèmi kan nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́: "Ọjọ́rú. Mo pa iná 11:10. Oorun gbé mi bíi 11:30. Aláàmù 4:30. Mo sùn nínú bọ́ọ̀sì, n ò rí Ìbàfò, Bẹ́gà ni mo ti la ojú. Ojú: 2."

Àwọn alẹ́ kan wà tí kò yẹ kí ẹ kà mọ́ ọn: alẹ́ ìṣọ́ òru, oṣù Ramadan tí ẹ ń jí jẹ sààrì, ìgbà àìsàn, àti oṣù tí ọmọ tuntun wà nílé. Alẹ́ àkọ́kọ́ ní ilé àjèjì náà wà níbẹ̀, ibí yìí ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ bá mi wo pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ ṣọ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó bá tò sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn tó wà láàárín á dijú méjèèjì. Èyí tó wà ní ìkángun á dijú kan, á la èkejì, èyí tó la yẹn á sì dojú kọ ìta. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Indiana ní Amẹ́ríkà wọn ọpọlọ àwọn pẹ́pẹ́yẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé apá kan ọpọlọ ẹyẹ náà ń sùn nígbà tí apá kejì ń ṣọ́nà. Ènìyàn kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wà lára wa díẹ̀. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà rí i pé tí ènìyàn bá sùn ní ibi àjèjì, ní alẹ́ àkọ́kọ́, apá òsì ọpọlọ rẹ̀ kì í sùn wọra tó apá ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ gbogbo ìró ilẹ̀kùn nínú òtẹ́ẹ̀lì, tí ẹ ó sì sùn fọnfọn níbẹ̀ kan náà lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ má ka alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn sí oorun yín. Oorun pẹ́pẹ́yẹ ni.

2. Ẹ ya ọjọ́ iṣẹ́ sọ́tọ̀, kí ẹ wá àárín oorun yín

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé kan. Lápá kan, ọjọ́ iṣẹ́. Lápá kejì, ọjọ́ òmìnira, ìyẹn ọjọ́ tí aláàmù kò dún tí ẹnikẹ́ni kò sì kan ilẹ̀kùn. Ẹ má tan ara yín níbí o. Sọ́ńdè kì í ṣe ọjọ́ òmìnira fún ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Sátidé kì í ṣe é fún ẹni tó ní gèlè láti wé ní aago mẹ́fà. Ẹni tó ń dìde kírun Àsùbáà tó sì padà sùn, kí ó ka ìgbà tó jí kẹ́yìn, kí ó yọ àkókò tó fi dìde kúrò nínú iye wákàtí rẹ̀.

Ohun tí a ń wá ni àárín gbùngbùn oorun yín ní ọjọ́ òmìnira. Ẹni tó sùn ní 11 alẹ́ tó jí ní 7 àárọ̀, 3 òru ni àárín oorun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá kan wà nínú rẹ̀, òun gan-an ló sì mú mi fún ọ̀pọ̀ ọdún: ẹni tí kò sùn tó láàárín ọ̀sẹ̀ á máa san gbèsè oorun ní ìparí ọ̀sẹ̀, gbèsè yẹn á sì ti àárín oorun rẹ̀ síwájú. Till Roenneberg, onímọ̀ nípa aago inú ara, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Munich, ní Jámánì, ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ gbèsè náà kúrò. Mo fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún: oorun ń gbé mi ní 11:30, mò ń jí ní 4:30. Wákàtí 5 nìyẹn. Ọjọ́ òmìnira méjì: láti 12:30 òru di 9:00 àárọ̀. Wákàtí 8 ààbọ̀. Tí mo bá fi ojú lásán wo ọjọ́ òmìnira, àárín oorun mi bọ́ sí 4:45. Àdán pọ́ńbélé!

Ẹ wá wò ó. 5 lọ́nà márùn-ún, 25. 8 ààbọ̀ lọ́nà méjì, 17. Àpapọ̀ rẹ̀ 42. Ẹ pín 42 sí ọjọ́ 7, wákàtí 6 ló kàn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdajì 6 ni 3. Ẹ fi 3 kún ìgbà tí oorun ń gbé mi lọ ní ọjọ́ òmìnira, 12:30, ó di 3:30. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ló wà láàárín 4:45 àti 3:30, gbèsè ló sì wà níbẹ̀. Mo tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé n kò fẹ́ gbà á. Ìwà àdán dùn mọ́ mi. Ó jọ pé ó ń fún mi ní àwáwí.

3. Ẹ wo ẹran tó bá yín mu

Ìwọ̀n tí mo fi pín in nìyí, kì í ṣe òfin: tí àárín oorun yín, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ gbèsè, bá ṣáájú 2:30 òru, àkùkọ ni yín. Láti 2:30 sí 4:30, ewúrẹ́. Tó bá kọjá 4:30, àdán.

Àkùkọ kì í dúró de oòrùn. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nagoya ní Japan fi àwọn àkùkọ sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò yí padà tọ̀sántòru. Àwọn àkùkọ náà ṣì ń kọ lásìkò, aago inú ara wọn ló ń sọ fún wọn. (Àwọn kan náà ló wá rí i lẹ́yìn ìgbà náà pé ọ̀gá nínú àwọn àkùkọ ló ń kọ́kọ́ kọ, kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn tó tẹ̀ lé e. Ó jọ ìpàdé lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa.) Ènìyàn àkùkọ kì í nílò aláàmù. Ọpọlọ rẹ̀ mú ṣáṣá ní aago mẹ́fà àárọ̀, àmọ́ tí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ owó ní aago mẹ́wàá alẹ́, "bẹ́ẹ̀ ni" tí yóò fi dá yín lóhùn, oorun ló ń sọ ọ́.

Ewúrẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á wọlé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á jáde, kò sáré, kò pẹ́. Tí oòrùn ọ̀sán bá mú, á wá abẹ́ ìbòòji, á dijú díẹ̀díẹ̀, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Ọ̀sán yìí ni kí ẹ kíyè sí. Oorun tó ń kùn yín ní aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán kì í ṣe ẹ̀bi àmàlà nìkan. Ó wà nínú ara, kódà ẹni tó ń gbààwẹ̀ ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá lè rẹjú, kí ó rẹjú fún ìṣẹ́jú 20, kí aago mẹ́ta tó lù. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó wọnú oorun àsùnwọra, ẹ ó sì jí pẹ̀lú orí tó wúwo bí òkúta.

Ẹni tó bá kàwé ní Ifẹ̀ mọ àwọn àdán ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n so rọ̀ lórí igi, ariwo wọn ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara ẹni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀run á ṣókùnkùn fún ìyẹ́ wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ń gbé ìwé lọ fún tí-dí-bì, ìyẹn kíkàwé mọ́jú. Àwọn kan nínú wọn gbádùn rẹ̀ lóòótọ́: aago méjìlá òru ni ojú wọn ń là. Àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ wọn ni ti àdán tó dorí kodò tó ń wo ìṣe ẹyẹ: wọ́n so rọ̀ síbẹ̀ nítorí pé ẹlẹ́gbẹ́ wọn wà níbẹ̀, orí ìwé ni wọ́n sì ń sùn sí. Èmi wà lára àwọn wọ̀nyẹn.

Àwọn òyìnbó a máa pe ènìyàn òru ní òwìwí. Ẹ pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ní òwìwí lójú ìyá ọkọ rẹ̀, kí ẹ wá rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sí àdán.

Ajá ńkọ́? Ajá kì í ṣe ọ̀rọ̀ aago, ọ̀rọ̀ bí oorun ṣe rí ni. Ajá ń sùn ní ìdákúrekú, tí ẹsẹ̀ bá fi dún, ó ti gbórí sókè. Ìyá ọmọ jòjòló, máígádì àti nọ́ọ̀sì alẹ́ mọ irú oorun yìí. Àkùkọ lè sùn bí ajá, àdán náà lè sùn bẹ́ẹ̀. Tí ìwé yín bá kún fún "mo ta jí, mo ta jí", ìpele tó kàn ni kí ẹ fọkàn sí, kì í ṣe aago.

Ọjọ́ orí náà ń yí ẹran padà. Ọmọ kékeré ń tètè jí. Láti ìgbà ìbàlágà, aago ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sún síwájú di nǹkan bí ọmọ 20 ọdún, lẹ́yìn náà á máa padà sẹ́yìn títí dé ìgbà màmá àgbà tó ń gbálẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ọmọ ọdún 16 tí kò lè sùn ní aago mẹ́sàn-án kì í fi gbogbo ìgbà ṣe oríkunkun, ó sì nílò wákàtí 8 sí 10. Wákàtí 7 sí 9 ló tó ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

4. Ẹ tún ohun tó ṣeé tún ṣe

Aago inú ara kì í ṣe àlọ́. Ní 2017, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ara àwọn kòkòrò kéékèèké tó jọ kantíkantí orí ẹmu ni wọ́n sì ti rí i. Tiwa wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń yí i.

Oòrùn àárọ̀ ń fa oorun yín sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ alẹ́ ń tì í síwájú. Àdán tó ní iṣẹ́ àárọ̀, kí ó jáde síta ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kó jókòó síbi tí oòrùn dé, kó fi mu ògì rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé nílẹ̀ wa, láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ni oòrùn ń yọ yípo ọdún. Àwọn ará ilé wa ní London kò rí bẹ́ẹ̀: ní Oṣù Kẹfà, ilẹ̀ ń mọ́ kí aago márùn-ún tó lù, ní Oṣù Kejìlá ó di nǹkan bí aago mẹ́jọ. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ kọ ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kọ́tìnì tó nípọn sì ṣe kókó fún yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àkùkọ tó fẹ́ sùn pẹ́ díẹ̀, òdìkejì ni kó ṣe: kó jókòó síbi iná tó mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ewúrẹ́ onígbèsè bíi tèmi, ọ̀nà kan ló wà: kí ẹ tètè sùn. Ẹ má fi wákàtí kan sún un lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó kàn dùbúlẹ̀ máa ka àjà ni. Ìṣẹ́jú 15 ni kí ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta síbẹ̀, kí ẹ tún fa 15. Ní Sátidé, ẹ má jẹ́ kí ìgbà tí ẹ jí fi ju wákàtí kan lọ sí ti ọjọ́ iṣẹ́. Èyí ló dùn mí jù.

Obì ńkọ́? Èròjà caffeine tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Obì tí ẹ jẹ níbi ìsọmọlórúkọ àárọ̀ kò ní ṣe nǹkan kan. Èyí tí ẹ jẹ nínú ìpàdé ẹbí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ á ṣì máa bá yín sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Fún ẹ̀yin ajá, ẹ kọ́kọ́ wo swíìṣì iná. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ìwé mi, alẹ́ márùn-ún nínú mẹ́rìnlá ni mo ti ta jí ní nǹkan bí aago kan òru, mo sì rò pé àárẹ̀ ni, títí mo fi rí i pé ìgbà yẹn ni wọ́n ń mú iná dé. A ti fi gílóòbù sílẹ̀ látàárọ̀ láìpa á, tí iná bá dé, ó mọ́lẹ̀ gbòò lójú mi, àwọn ọmọ kọ́ńpáǹdì á pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!", ẹ̀rọ omi aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó sùn, mo ń pa gbogbo swíìṣì àfi ti fáànù. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí kò ní ihò, àti dídín omi tí ẹ ń mu lálẹ́ kù, náà wà lára rẹ̀.

5. Ìgbà tí ìwé kò ní tó

Tí ẹni tó bá yín sùn bá ní ẹ ń hanrun, tí èémí yín ń dá dúró, tí ẹ óò wá mí gbùdù bí ẹni tó yọ lódò, tí oorun sì ń kùn yín lọ́sàn-án bó ti wù kí ẹ sùn tó, ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ mú ìwé yín dání, yóò wúlò fún dókítà ju "mi ò kì í sùn dáadáa" lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò ń róorun sùn ní alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Awakọ̀ tó bá ti tòògbé lórí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ dúró de ìkejì.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún kọ ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Mo ṣe tèmi lóṣù tó kọjá. Mi ò tíì pé wákàtí 7, nítorí ọ̀nà Mówè sí Ìkẹjà kò kúrú sí i. Ojú ewé tó kẹ́yìn nìyí: "Ọjọ́rú. Mo pa iná 10:00. Oorun gbé mi bíi 10:15. Aláàmù 4:30. Mo rí Ìbàfò. Ojú: 4."